Ẹ Dáàbò Bo Ojú Yín Lọ́jọ́ Tí Òṣùpá Bá Bo Oòrùn



Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, 29 March 2006, òṣùpá bo oòrùn. Ní Ghana, Tógò, Benin àti apá kan ilẹ̀ Nàìjíríà títí dé Katsina, oòrùn bò pátápátá, ọ̀sán sì dòru fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní Afo níhìn-ín àti ní gbogbo agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, kò bò tán. Ó ṣẹ́ku díẹ̀ bí oṣù tuntun. Èyí tó ṣẹ́kù yẹn gan-an ló léwu. Ìmọ́lẹ̀ ti dínkù, ó ti ṣeé wò, ṣùgbọ́n ohun tí ń jó ojú ṣì wà nínú rẹ̀.

Irú rẹ̀ tún ń bọ̀ ní 2 August 2027, in ṣáà Allāhu. Ní Mẹ́kà, oòrùn yóò bò pátápátá fún bí ìṣẹ́jú 5. Àwa níhìn-ín yóò rí díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ní awò awọ̀nàjíjìn tí a fi ń wá oṣù Ràmàdáánì yóò fẹ́ kọ ọ́ sí oòrùn. Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá.

Gbogbo wa la mọ bí ọmọdé ṣe ń fi gíláàsì kó ìtànṣán oòrùn jọ títí bébà yóò fi gbiná. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyinjú ń kó o jọ sí ẹ̀yìn ojú. Ibẹ̀ kì í dunni, nítorí náà ọmọ kò ní sunkún. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ni yóò rí ojú dúdú kan láàárín ohun tó ń wò, tí yóò máa bo lẹ́tà lójú wàláà rẹ̀. Ti àwọn kan ń lọ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ti àwọn mìíràn kì í lọ mọ́, awò ojú kò sì lè wò ó sàn. Awò awọ̀nàjíjìn tí kò ní ìbòjú kò fún ni láyè rárá: ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó.

Ẹ má ṣe lo gíláàsì tí a fi èéfín kùn, awò oòrùn ojà, fọ́tò X-ray, tàbí CD. Ẹ má sì wo oòrùn nínú ọpọ́n omi.

Bí a ṣe ń ṣe ìbòjú awò awọ̀nàjíjìn nìyí. Ẹ ra fíìmù tí wọ́n ṣe fún wíwo oòrùn, tí wọ́n kọ 5.0 sí lára. Ìdá kan nínú 100,000 ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà kọjá. Èyí tí wọ́n kọ 3.8 sí, fún fọ́tò ni, kì í ṣe fún ojú.

1. Ẹ gé páálí gígùn, ẹ yí i mọ́ ẹnu iwájú awò náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí ìdérí tó fún dáadáa.

2. Ẹ gé òrùka páálí méjì tí ihò wọn tó ẹnu awò náà. Ẹ fi fíìmù sáàárín méjèèjì, ẹ lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ má ṣe fà á le. Bó bá hunjọ díẹ̀, kò léwu.

3. Ẹ lẹ òrùka mọ́ ìdérí, kí ẹ sì fi téèpù dè é mọ́ awò kí atẹ́gùn má baà ṣí i.

4. Kí ẹ tó lò ó nígbàkígbà, ẹ gbé e síwájú gílóòbù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ níbì kan bí ojú abẹ́rẹ́, ẹ sọ ọ́ nù.

Iwájú, níbi tí oòrùn ń gbà wọlé, ni ìbòjú ń wà. Bó bá wà níbi tí a ń fi ojú sí, ooru lè fọ́ ọ lójijì. Ẹ bo awò kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni tí kò ní awò lè lo gíláàsì wẹ́dà No. 14. Èyí tó rọrùn jù kò náni lówó: ẹ fi abẹ́rẹ́ lu páálí, ẹ kẹ̀yìn sí oòrùn, kí ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ inú ihò náà bọ́ sórí bébà funfun. Àwòrán oòrùn ni ẹ óò rí níbẹ̀. Mùsùlùmí onímọ̀ nì, Ibn al-Haytham ará Basra, ti kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn. Abẹ́ igi máńgòrò pàápàá ń ṣe é: àlàfo àárín ewé ń ya oòrùn kéékèèké sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Ibrahim, ọmọ Ànábì wa (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a), kú, oòrùn ṣókùnkùn. Àwọn ènìyàn ní nítorí ọmọ náà ni. Ó sọ fún wọn pé oòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìbí ẹnikẹ́ni, àmì Ọlọ́hun ni wọ́n, kí a dìde sí ìrun. Ìrun Kusūfu jẹ́ rákà méjì, rukúù méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ náà.

Bí ojú ẹnikẹ́ni bá ṣú lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má ṣe kán omi ewé tàbí ọmú sí i. Ilé ìwòsàn ojú ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ojú jẹ́ àmánà lọ́wọ́ wa. Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ ọ. Àmín.