Ẹ Má Fo Orúkọ Ìbẹ̀rẹ̀ Fíìmù

 

Ní alẹ́ Sátidé kan ní táàmù tó kọjá, a jókòó sínú gbọ̀ngàn ìjẹun, a fẹ́ wo fíìmù Yorùbá kan. Orin ìbẹ̀rẹ̀ ń dún, orúkọ àwọn èèyàn ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni síníọ̀ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà tẹ nǹkan, ó fo gbogbo rẹ̀. Àwọn èèyàn hó yèè, inú wọn dùn. Èmi nìkan ni inú mi ò dùn. Àbúrò màmá mi ló rán aṣọ tí wọ́n wọ̀ nínú fíìmù yẹn. Orúkọ wọn kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ kó tó kọjá, mo sì ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó máa ṣọ́ ọ. Kí n tó lanu, ó ti lọ.

Mi ò lè bínú púpọ̀, torí èmi náà máa ń fò ó tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa rẹ̀. Ohun tí mo rí nìyí.

Iṣẹ́ méjì ni orúkọ ìbẹ̀rẹ̀ ń ṣe. Èkíní, ó ń sọ àwọn tó ṣiṣẹ́ fún wa. Èkejì, ó ń múra ọkàn wa sílẹ̀ de ìtàn tó ń bọ̀. Kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Ṣebí àwọn òṣèré alárìnjó kì í bẹ̀rẹ̀ eré láìjúbà? Nígbà tí Hubert Ogunde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé tíátà kiri, orin àti ijó ni wọ́n fi ń ṣí eré kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà láyé ijọ́un, ọ̀pọ̀ fíìmù kàn máa ń to orúkọ jọ bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ ní kíláàsì ni. Ní àwọn ilé sinimá kan, wọn kì í tiẹ̀ ṣí kọ́tìnì títí orúkọ á fi tán. Orí kọ́tìnì ni orúkọ á máa hàn sí, àwọn èèyàn á sì máa jẹ gúgúrú wọn lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tó yí i padà ni Saul Bass. Iṣẹ́ yíya àwòrán ìpolówó ló ń ṣe. Ní 1955, ó ṣe orúkọ ìbẹ̀rẹ̀ fún The Man with the Golden Arm, fíìmù tí Otto Preminger darí. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó fẹ́ jáwọ́ nínú oògùn olóró, ṣùgbọ́n tí oògùn náà ò fi í sílẹ̀. Frank Sinatra tó gbajúmọ̀ gan-an ló ṣe ọkùnrin náà, síbẹ̀ Bass ò fi ojú rẹ̀ hàn. Ìlà funfun lásán ló lò lórí ilẹ̀ dúdú. Àwọn ìlà yìí ń jáde, wọ́n ń rìn bí orin ṣe ń dún, títí wọ́n fi di apá kan tó wọ́ kọ́rọkọ̀rọ. Apá yẹn ni ọkùnrin náà fi ń pín káàdì tẹ́tẹ́, òun náà ni abẹ́rẹ́ oògùn ń wọ̀. Ẹ ò rí i pé ìtàn ti bẹ̀rẹ̀! Preminger kọ ìwé kékeré mọ́ agolo fíìmù náà pé kí àwọn tó ń fi í hàn ṣí kọ́tìnì kí orúkọ tó jáde.

Bass tún ṣe ti Psycho ní 1960, fíìmù tí Alfred Hitchcock darí. Ìlà ń sáré gba ojú fíìmù kọjá, wọ́n ń gé orúkọ sí wẹ́wẹ́, fayolíìnì Bernard Herrmann sì ń dún kíkankíkan. Kò tíì sí ọ̀bẹ, kò tíì sí ẹ̀jẹ̀, àyà èèyàn á ti máa já. Nínú North by Northwest ti 1959, àwọn ìlà tó kọ́kọ́ jáde ló di fèrèsé ilé gogoro kan. Lẹ́yìn tí orúkọ Hitchcock bá jáde, Hitchcock fúnra rẹ̀ á sáré dé ìdí bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì á pa ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú! Ẹni tó bá fò ó ti pàdánù ẹ̀rín yẹn.

Ní 2017, Netflix fi bọ́tìnnì sí i tí èèyàn lè tẹ̀ láti fo ìbẹ̀rẹ̀. Kò burú bí èèyàn bá ń wo apá kẹwàá eré kan náà lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ ńkọ́? Ẹni tó bá wọlé láìkí onílé, kí la ń pè é?

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ẹgbẹ́ wa fẹ́ ya fídíò eré wa, Ọkọ̀ Ìyàwó, ní òpin táàmù yìí. Mo ní àbá mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká fi àmì ohùn sí àkọlé rẹ̀ dáadáa. Bí a bá kọ ọ́ láìsí àmì, àwọn èèyàn á rò pé ọkọ ìyàwó là ń sọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó gbé ìyàwó tó sì dákú sójú ọ̀nà ni ìtàn wa. Èkejì, ẹ jẹ́ ká lo àwòrán kan ṣoṣo bíi ti Bass. Táyà kan tó ń yí lọ ti tó. Bí orúkọ bá ṣe ń jáde, kí afẹ́fẹ́ máa tán nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló jẹ mí lógún jù. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ orúkọ àwọn òṣèré nìkan ló máa jáde. Ẹ kọ orúkọ àwọn JSS1 tó máa gbé àga, àti ti bàbá tó ń bá wa tan jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó bá sì wà nídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí a máa wò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀.