Ta ni yóò di abẹ mú lọ́la?

Ará Ìdímù tí apẹ́ńdíìsì bá gbé dè lóru, ọ̀nà Ìkọ̀tún ni wọn yóò gbé e gbà lọ sí Ilé Ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgàndò. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ti ibẹ̀ lọ, wọ́n lè darí rẹ̀ sí LASUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì ti Ìpínlẹ̀ Èkó, n'Íkẹjà. Ní irú ilé ìwòsàn ńlá bẹ́ẹ̀, ẹni tó sábà máa ń kọ́kọ́ tẹ ikùn aláìsàn wò ni rẹ́sídẹ́ǹtì: dókítà tó ti gboyè, àmọ́ tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ abẹ lábẹ́ kọ́ńsọ́tàntì. Irú wọn wà lára àwọn tó ń já pá lọ sókè òkun.

Ọ̀nà wọn jìn. Ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, ọdún kan ní háòsìmáànù, ọdún kan ní agùnbánirọ̀. Lẹ́yìn ìdánwò àkọ́kọ́ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ abẹ, wọn yóò tún lo ọdún bíi márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó yege ìdánwò àṣekágbá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì ló ń ṣe ìdánwò náà: ti Àwọn Oníṣẹ́ Abẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀ bí ẹgbẹ́ ní Ìbàdàn lọ́dún 1960, àti National Postgraduate Medical College tó wà ní Ìjànìkin, èyí tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀.

Owó wà lára ohun tó ń lé wọn. Lọ́dún 2021, ẹgbẹ́ wọn, NARD, daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù méjì. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́: ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ abẹ, gbogbo èyí tí rẹ́sídẹ́ǹtì bá sì bá kọ́ńsọ́tàntì ṣe ló ń kọ sínú logbook, ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn wa, owó àpò ara wọn ni wọ́n fi ń gba ìtọ́jú. Bí ẹbí kò bá rówó san, iṣẹ́ abẹ á yẹ̀: aláìsàn pàdánù ìtọ́jú, dókítà pàdánù ẹ̀kọ́. Bí dókítà kan bá sì lọ, ẹrù tirẹ̀ á já lé àwọn tó kù lórí, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà.

Òfin ọdún 2017 lórí ìdálẹ́kọ̀ọ́ rẹ́sídẹ́ǹtì la ọ̀nà owó ìdálẹ́kọ̀ọ́ wọn sílẹ̀. Lọ́dún 2023, aṣòfin Ganiyu Johnson gba ọ̀nà mìíràn: ó dábàá pé kí dókítà ṣiṣẹ́ sin ilé fọ́dún márùn-ún kó tó gbàwé àṣẹ kíkún. Àwọn dókítà kọ̀ ọ́, mo sì gbè wọ́n: okùn kì í kọ́ni níṣẹ́. Nígbà tí dókítà Latunde Odeku padà láti Amẹ́ríkà sí Ìbàdàn lọ́dún 1962, iṣẹ́ ló rí ṣe: ó dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀, ó sì kọ́ àwọn mìíràn.

Mélòó la nílò? Lọ́dún 2015, ìgbìmọ̀ iṣẹ́ abẹ ti ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní kí oníṣẹ́ abẹ, dókítà apàmọ̀lára àti dókítà agbẹ̀bí tó 20 fún 100,000 èèyàn. Ìkànìyàn 2006 ka ará ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, tí Ìdímù wà nínú rẹ̀, sí 1,277,714. Ìyẹn ń béèrè ju 250 lọ. A kò lè rí wọn àfi kí a san owó oṣù lásìkò, kí Ìlera Èkó, ètò ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ wa, sì gba owó iṣẹ́ abẹ lọ́rùn tálákà. Ohun tó ń wo aláìsàn Ìdímù sàn náà ni yóò mú kí dókítà dúró.