Kí Ọ̀rọ̀ Má Baà Di Àṣẹ

Bí wọ́n bá rán ọmọdé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, “Lọ wí fún un pé kí ó dá ewúrẹ́ mi padà,” ọmọ náà mọ̀ pé kì í ṣe òun ni wọ́n ní kí ó dá ewúrẹ́ padà. Ó mọ ibi tí àṣẹ tí wọ́n pa fún òun parí sí, ó sì mọ ibi tí iṣẹ́ tí òun yóò jẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Èdè Yorùbá tilẹ̀ ń ṣọ́ ààlà yìí ju èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí a bá ní, “Ó ní òun ń bọ̀,” ẹni tí ó sọ̀rọ̀ gan-an ni ó ń bọ̀. Bí a bá ní, “Ó ní ó ń bọ̀,” ẹlòmíràn ni. Kọ̀ǹpútà kò ní irú òye bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń lò ó ni ó gbọ́dọ̀ fi àmì pa ààlà fún un; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ sọ lásán yóò di àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò mú ṣẹ.

Inú ètò tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́ẹ̀lì ni ọ̀ràn yìí ti le jù. Ṣẹ́ẹ̀lì ni ó ń gba àṣẹ tí ènìyàn tẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tí ó ń túmọ̀ rẹ̀, tí ó sì ń fi í lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Èyí tí Stephen Bourne kọ ní ilé-iṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà jáde pẹ̀lú ẹ̀dà keje Unix ní 1979, ìlànà rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń lo Linux ṣì ń tẹ̀lé títí di òní.

Igbẹ́sà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, jẹ́ ìlú Àwórì tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti wá bá oko níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àgbègbè ìṣòwò ọ̀fẹ́ Ogun-Guangdong wà, ibẹ̀ náà sì ni Yunifásítì Crawford tí a dá sílẹ̀ ní 2005 wà. Kí a fi ojú inú wo akọ̀wé kan ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, tí ó ń tọ́jú ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ kan. Ó ní àpò fáìlì méjì nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Owo, ìṣirò ọdún yìí ni ó wà nínú rẹ̀; èkejì ń jẹ́ Owo Atijo, kò sì wúlò mọ́. (Àwọn akọ̀wé kì í fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì, ìyẹn jẹ́ ẹ̀dùn ọkàn mìíràn fún àwọn olùkọ́ èdè.) Akọ̀wé yìí fẹ́ pa ti àtijọ́ rẹ́, ó sì tẹ̀ báyìí:

rm -r Owo Atijo

Ìtumọ̀ rm ni kí ẹ̀rọ pa nǹkan rẹ́. -R ní kí ó pa á rẹ́ tòun ti gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Lójú akọ̀wé, orúkọ kan ni ó pè. Lójú ṣẹ́ẹ̀lì, àlàfo ni ó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, nítorí náà orúkọ méjì ni ó rí. Yóò pa Owo rẹ́, yóò wá Atijo tì, yóò sì ráhùn pé òun kò rí i. Owo Atijo tí wọ́n torí rẹ̀ pàṣẹ yóò wà níbẹ̀ láìfarapa. Bẹ́ẹ̀ ni rm kì í kó ohun tí ó bá pa rẹ́ sí ibi tí ènìyàn lè lọ mú un padà. Bí kò bá sí ẹ̀dà níbòmíràn, ìṣirò odidi ọdún kan ti bá àlàfo kan lọ.

Àlàfo kì í dá ṣe é. Àmì (;) ń sọ pé àṣẹ kan parí, òmíràn fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìràwọ̀ (*) ń dúró fún orúkọ àwọn fáìlì tí ó wà níbẹ̀. Àmì dọ́là ($) ń sọ pé kí wọ́n fi nǹkan mìíràn rọ́pò orúkọ tí ó tẹ̀lé e. Àwọn àgbà kì í pe ejò ní orúkọ rẹ̀ lóru, okùn ni wọ́n ń pè é, kí ó má baà dáhùn. Bí àwọn àmì wọ̀nyí ti rí nìyẹn: bí wọ́n bá wà ní ìhòòhò, wọn yóò dáhùn.

Àmì àyọlò ni aṣọ wọn. Bí akọ̀wé bá kọ 'Owo Atijo', orúkọ kan ṣoṣo ni ṣẹ́ẹ̀lì yóò rí, nítorí pé gbogbo ohun tí ó wà láàrin àmì ẹlẹ́yọ kan bẹ́ẹ̀ ń sùn ni. Àmì oníméjì (") kò le tó o, àlàfo àti ìràwọ̀ yóò sùn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àmì dọ́là ṣì lajú sílẹ̀.

Ìṣòro tí ó kàn dé bá ẹni tí ó ń kọ Yorùbá ní ìlànà àtijọ́, tí ó ń fi àmì kékeré sí ibi tí fáwẹ̀lì ti pajẹ, bí i n'ílé, l'ọ́jà. Bí fáìlì bá ń jẹ́ Owo t'Oja, tí wọ́n sì kọ ọ́ ní 'Owo t'Oja', àmì àárín yẹn ni ṣẹ́ẹ̀lì yóò kà sí òpin àyọlò. Oja yóò wà ní ìta, àmì ìkẹyìn yóò sì ṣí àyọlò mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò tì. Ẹ̀rọ yóò kan dákẹ́ ni, yóò gbé àmì > síwájú akọ̀wé, yóò máa retí ìyókù ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ti ń kọ ọ́ kí ó tọ́ nìyí:

'Owo t'\''Oja'

Wọ́n ti àyọlò lẹ́yìn t. Wọ́n kọ àmì ìpajẹ kan sí ìta, tí ọ̀pá tí ó fì sẹ́yìn (\) ń ṣọ́ ọ. Wọ́n sì tún àyọlò mìíràn ṣí fún Oja. Kò dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó péye.

Àṣìṣe ni gbogbo èyí títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n bí ètò kan bá ń gba orúkọ lọ́wọ́ àwọn àlejò, tí ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín àṣẹ, ẹni ibi lè mọ̀ọ́mọ̀ fi àmì ìpajẹ ti àyọlò, kí ó fi (;) parí àṣẹ onílé, kí ó sì kọ àṣẹ tirẹ̀ tẹ̀lé e. Ní oṣù kẹsàn-án 2014, ayé mọ̀ nípa àléébù tí wọ́n sọ ní Shellshock, èyí tí Stéphane Chazelas rí nínú ṣẹ́ẹ̀lì Bash. Ìbátan ọ̀ràn yìí ni: ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí Bash kàn tọ́jú, ó ń mú un ṣẹ bí àṣẹ, ó sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1989.

Àwọn kan rò pé ìwòsàn rẹ̀ ni kí wọ́n yọ àmì tí ó léwu kúrò nínú orúkọ ènìyàn, kí O'Connor di OConnor. Ìwà ọ̀lẹ ni. Orúkọ kò ṣẹ̀. Ẹni tí kò dì í dáadáa ni ó ṣẹ̀. Èdè Python ní shlex.quote láti 2012, PHP sì ní escapeshellarg. Wọ́n ń bá ènìyàn di ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ti Python kò wà fún ṣẹ́ẹ̀lì Windows, tí ìlànà rẹ̀ yàtọ̀. Èyí tí ó sàn jù ni kí ètò má tilẹ̀ gba ọ̀dọ̀ ṣẹ́ẹ̀lì kọjá, kí ó to ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó fi wọ́n lé ètò kejì lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí fáìlì kan bá ń jẹ́ -r, ìdì kankan kò ràn án: rm yóò rò pé ìtọ́ni ni wọ́n fún òun. Wọn yóò kọ́kọ́ kọ -- síwájú rẹ̀, kí rm lè mọ̀ pé ìtọ́ni ti parí, orúkọ ni ó kù.