Jẹ́lé-ó-sinmi Ìjọba ní Ẹgbẹ́dá: Ọdún Kòrónà àti Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Mọ̀

Ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, tí wọ́n yọ lára Lágelú ní ọdún 1989, wà ní ìlà-oòrùn Ìbàdàn, lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 281,573 níbẹ̀. Ìgboro ni Mọnátán àti Alákìá. Oko àti abúlé ló pọ̀ jù lápá Ẹ̀rúnmu. Ìyàtọ̀ yìí kan ọmọ ọdún márùn-ún gan-an. Ní ìgboro, ilé-ìwé aládàáni kún àdúgbò, owó rẹ̀ ni òbí ń wá. Lóko, bí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà nítòsí kò bá ní kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi, ọmọ á bá ìyá rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan gàrí, tàbí kó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Àwọn mìíràn a máa tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n wọn lọ ilé-ìwé, wọn a jókòó sẹ́yìn kíláàsì, láìsí orúkọ wọn nínú ìwé olùkọ́.

Ọjọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, Pámárì 1 ni ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì lè gba orí kọjá kan etí kejì, ilé ni wọ́n ń dá a padà sí. Ọwọ́ àwọn ìjọ àti aládàáni ni iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi wá bọ́ sí. Ó di ọdún 2004 kí òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí a mọ̀ sí UBE tó ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2013 sì là á kalẹ̀ pé kí ọmọ ọdún márùn-ún lo ọdún kan ní jẹ́lé-ó-sinmi kó tó wọ Pámárì 1, kí ọmọ tí olùkọ́ kan ń mójú tó má sì ju 25 lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí owó ṣe ń lọ. Nínú náírà 100 tí ìjọba àpapọ̀ bá fi ran ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ lórí kíkọ́ ilé-ìwé lábẹ́ UBE, náírà márùn-ún ni ti ọmọ kékeré. 60 ni ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 35 ni ti girama kékeré (JSS). Oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń pèsè nígbà náà fún Pámárì 1 sí Pámárì 3 kò dé jẹ́lé-ó-sinmi. Òfin tó ní òbí gbọ́dọ̀ rán ọmọ lọ ilé-ìwé pàápàá, láti Pámárì 1 ló ti múlẹ̀. Kí kòrónà tó dé rárá ni wọ́n ti fi àwọn ọmọ yìí sẹ́yìn.

Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn náà ti wọ Nàìjíríà. Ó dé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nínú oṣù Kẹta, oṣù yẹn náà ni wọ́n sì ti ilé-ìwé pa. Kí oṣù náà tó parí, àyẹ̀wò fi hàn pé Gómìnà Ṣèyí Mákindé fúnra rẹ̀ ti kó o. Olódó, nínú Ẹgbẹ́dá wa níbí, wà lára ibi tí ìjọba ti ń tọ́jú àwọn tó ní àrùn náà. Ta ni yóò bá ìjọba wí pé ó tilẹ̀kùn?

Bí wọ́n ṣe ṣí ilé-ìwé padà ló yẹ ká rò dáadáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, kíláàsì àṣekágbá mẹ́ta ló kọ́kọ́ wọlé: Pámárì 6, JSS 3 àti SSS 3, nítorí ìdánwò ń dúró dè wọ́n. Jẹ́lé-ó-sinmi kò ní ìdánwò. Ó di ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún àwọn ọmọ kékeré. Ẹ̀kọ́ orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kò lè dí àlàfo yẹn fún wọn. Ọmọ ọdún márùn-ún ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa orin, nípa òkúta tó ń kà, nípa eré pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́fà nínú ọgọ́ta oṣù tó ti lò láyé kì í ṣe ìsinmi kékeré.

Ìsàlẹ̀ ni Denmark ti bẹ̀rẹ̀ ní tiwọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2020, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi àti àwọn kíláàsì kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ dá padà, kí òbí lè ráyè ṣiṣẹ́. Ní Uganda, ilé-ìwé ọmọ kékeré wà ní títì títí di oṣù Kìíní ọdún 2022. Mi ò sọ pé Ọ̀yọ́ ní agbára Denmark: omi ẹ̀rọ ò sí ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé oko, àyè mítà méjì láàárín ọmọ kan sí èkejì sì ṣòro nínú yàrá kékeré. Àmọ́ igi tó ní ibòòji wà lọ́gbà ilé-ìwé, ọmọ kékeré sì lè kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ rẹ̀ ju ẹni tó ń múra ìdánwò lọ. Àjọ ìlera àgbáyé (WHO) àti UNICEF náà ti sọ nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2020 pé kí wọ́n má fi dandan mú ọmọ ọdún márùn-ún sísàlẹ̀ lo ìbòmú. Ohun tí wọ́n nílò ni omi, ọṣẹ àti olùkọ́ tí ọmọ tó ń kọ́ kò pọ̀ jù.

Kí wọ́n má bàa tún fi àwọn ọmọ wa sẹ́yìn, ẹ̀yin òbí tó ní ọmọ tó ń lọ sí ọdún márùn-ún, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó sún mọ́ yín kí oṣù Kẹsàn-án tó dé. Ẹ mú ìwé ìbí àti káàdì àjẹsára ọmọ dání. Bí wọn kò bá ní kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ má kàn padà sílé. Ẹ kó orúkọ àwọn ọmọ abúlé yín jọ, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì mú un lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá, kí wọ́n bá yín béèrè olùkọ́ àti yàrá lọ́wọ́ SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀.