Ta Ló Kọ́kọ́ Gba Ọmọbìnrin Ọba Sílẹ̀? Bí Mário Ṣe Wọ Àríwá Èkìtì

Bí kì í bá ṣe òjò tó ká mi mọ́ ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, ǹ bá má mọ̀ pé ẹjọ́ kan ṣì wà lọ́rùn àwa ọmọ àná tí a kò tíì rò títí di òní. Bàbá náà, tí ewú ti gba gbogbo orí rẹ̀, wo àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tí àwọn náà sá wá yà fún òjò, tí wọ́n tẹrí mọ́ fóònù, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní: "Ti àwọn wọ̀nyí sàn díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣáájú wọn ni ẹ bá wa jà. Ọkùnrin onírunmú tó máa ń fò kiri nínú tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, ó ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ní ìlú yìí ju àrá lọ."

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ọkùnrin náà dáadáa. Mário ni.

Ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀ kò gùn: Nintendo, ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Kyoto ní Japan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1889 láti máa ṣe káàdì ìtayò, gbé ẹ̀rọ Famicom jáde ní 1983, Shigeru Miyamoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣe Super Mario Bros. fún un ní oṣù kẹsàn-án 1985. Nígbà tó yá, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní Taiwan àti àwọn ibòmíràn ṣe àfarawé rẹ̀ tí owó rẹ̀ kò ga, èyí ló sì gba ọwọ́ àwọn ọlọ́jà Èkó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí kò sí nínú ìwé kankan, tí àwọn èèyàn àríwá Èkìtì sì lè tìtorí rẹ̀ jìjà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ni ìlú tó kọ́kọ́ rí i láàárín wa.

Bàbá yìí ní Ìkọ̀lé ni. Ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ọmọ oníṣòwò kan tó ń gbé Èkó bá bàbá wọn wálé fún ọdún Kérésìmesì, wọ́n tú ẹrù, wọ́n sì yọ àpótí kékeré kan jáde tó ní okùn lọ́tùn-ún lósì. Ọjọ́ ọdún pé, NEPA mú iná lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Òun gan-an ni wọ́n wá pè kó so tẹlifíṣọ̀n kékeré aláwọ̀ dúdú àti funfun mọ́ bátìrì ọkọ̀, nítorí irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ kò béèrè ju iná bátìrì lọ, ó sì fi ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dín iná bátìrì náà kù fún àpótí géèmù. Nígbà tí àwòrán yọ, àwọn ọmọdé ké, àwọn àgbà náà ké, ẹnìkan sì béèrè bóyá ọkùnrin inú rẹ̀ lè gbọ́ ohun tí àwọn ń sọ. "Ọwọ́ yìí ni mo fi so wáyà náà," ni Bàbá wí, ó sì na ọwọ́ náà sí mi bí ẹni pé kí n kà á sí ìwé ẹ̀rí.

Àwọn ará Ọ̀yẹ́ kò gbà. Awakọ̀ kan tó gbé mi kúrò ní Ìkọ̀lé, tó jẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀yẹ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ọkọ̀ dúró nígbà tí mo sọ ohun tí mo gbọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ọ̀nà tó ti Adó wá, ṣebí Ìfàkì ló gbà, kó tó dé Ọ̀yẹ́, kó tó wá kan Ìkọ̀lé? Ohun tó ti Èkó bọ̀, ṣé ojú ọ̀run ló gbà dé ọ̀dọ̀ wọn?" Mo ní ẹrù tí wọn kò tú ní Ọ̀yẹ́, a kò lè ní ó dé Ọ̀yẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá yọ idà rẹ̀ tó mú jù lọ: ó ní ní ilé tí àwọn ti kọ́kọ́ ta á ní Ọ̀yẹ́, tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ni, àwọn sì mọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní pé pupa ni fìlà Mário, nígbà tí àwọn ará Ìkọ̀lé rò fún odindi ọdún kan pé eérú ni àwọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ àwọ̀ fìlà àlejò, ó ní, báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé òun ló kọ́kọ́ gbà á lálejò? N kò rí èsì fún un, mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé mo fẹ́ràn ẹjọ́ náà ju ẹ̀rí rẹ̀ lọ.

Fún ọmọ òde òní tí kò bá wọn débẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì ni a ń pe ike pẹlẹbẹ tí eré náà wà nínú rẹ̀, páàdì sì ni èyí tí a fi ń darí Mário. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá kọ̀, a ó yọ ọ́, a ó fẹnu fẹ́ ẹ, a ó tún kì í bọ̀ ọ́, yóò sì jí, a ó wá gbà pé èémí wa ló jí i. Bẹ́ẹ̀ yíyọ àti títún kì bọ̀ nìkan ló ṣe iṣẹ́ náà, itọ́ wa kàn ń mú irin rẹ̀ dípẹtà ni. Ayé mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ìpele mẹ́rin mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀mí mẹ́ta ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ibi tí a lè fi ìrìn-àjò wa pamọ́ sí. Ẹni tó bá ti dé ayé keje tí NEPA fi mú iná lọ, nígbàkígbà tí iná bá tún dé, ọ̀dọ̀ olú àkọ́kọ́ tó ń rìn bọ̀ ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní àbùjá kò sí lórí ọ̀pẹ, ibi tí a bá gbà gòkè náà ni a ó gbà sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ tó jẹ́ ìpele kejì ayé kìn-ín-ní, ẹni tó bá lè gun òrùlé, kó sì sáré lórí rẹ̀ dé òpin, yóò bá páìpù mẹ́ta tí yóò gbé e lọ sí ayé kejì, ìkẹta tàbí ìkẹrin. Ọmọ tó bá mọ ọ̀nà yìí kì í fúnra rẹ̀ pọn omi mọ́ ní àdúgbò wa.

Ta ni yóò sì tún ṣàlàyé ìtàn inú rẹ̀ fún ọmọ Yorùbá? Ọ̀tá tó jí ọmọbìnrin ọba gbé, ìjàpá ni. Àwa tí a ti gbọ́ àlọ́ Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo títí oorun fi gbé wa lọ kò béèrè ìdí tí ahun fi hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ohun tó yà wá lẹ́nu kò ju pé ó kọ́ ààfin, ó sì ń pọ iná lẹ́nu. Miyamoto fúnra rẹ̀ dàgbà ní Sonobe, ìlú kékeré kan nítòsí Kyoto, níbi tó ti ń rìn kiri inú igbó, tó sì ń wọ inú ihò àpáta lọ ní ọmọdé, ó sì ti sọ pé inú ìrìn wọ̀nyẹn ni òun ti rí àwọn eré òun. Fágúnwà ti rán Àkàrà-Ògùn wọ Igbó Irúnmalẹ̀ láti 1938. N kò ní ẹnikẹ́ni jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń sọ pé ilé ni àlejò náà dé.

Ohun tó jẹ́ kó dùn, lójú tèmi, ni pé kò pọ̀. Àpótí kan lè má ju ti àdúgbò kan lọ, nítorí náà ẹnìkan ló ń di páàdì mú, ogún ẹnu sì ń bá a ta á, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nídìí ọpọ́n ayò: fò, má fò, padà sẹ́yìn, olú wà nínú bíríkì yẹn! Lónìí, láti ìgbà tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti dé Ọ̀yẹ́ ní 2011, tó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé pẹ̀lú, ṣọ́ọ̀bù géèmù kò ṣọ̀wọ́n, àmọ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá níbẹ̀, ẹni tí kò bá sì lówó lọ́wọ́ ti fóònù rẹ̀ ń bẹ lápò. Wọ́n lè fi ìrìn-àjò wọn pamọ́ nígbàkígbà. Wọn kò nílò ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni.

Ní Ìdó Fàbòro, ìlú Olójùdó, ìjà náà gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ará Ìdó kò bá ẹnikẹ́ni du ẹni tó kọ́kọ́ gbé àpótí wọ̀lú. Tiwọn ni pé ẹni àkọ́kọ́ tó gba ọmọbìnrin ọba sílẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí, ọmọ Ìdó ni, obìnrin sì ni. Wọ́n mú mi lọ bá a. Aṣọ ló ń tà báyìí, àkọ́bí rẹ̀ sì ti ga jù ú lọ. Mo bi í pé, "Àǹtí, kí lẹ rí nígbà tí ẹ parí rẹ̀?" Ó ní òun rí ọmọbìnrin náà, ó dúpẹ́, wọ́n sì ní kí òun tún bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òun sì bẹ̀rẹ̀, gbogbo olú tó máa ń rìn bọ̀ ti lọ, kòkòrò ẹlẹ́yìn líle tí iná Mário kì í pa ló dúró ní ipò wọn. Orí mi wú, nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí.

Awakọ̀ Ọ̀yẹ́ ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni lè ka irú rẹ̀ lórí fóònù lónìí. Ó ní kí n bi í léèrè àwọ̀ tí àwọn kòkòrò náà jẹ́. Mo pè é, mo sì bi í. Ó ní òun kò mọ̀, tẹlifíṣọ̀n dúdú àti funfun ni àwọn ní nígbà náà.