ÀSÈ ALẸ́ NÍGBÀ ỌYẸ́: BÍ A TI Ń ṢE É NÍ ADÓ-ÈKÌTÌ

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé Adó-Èkìtì rí ní oṣù Kejìlá mọ bí ọyẹ́ ti ń wọ̀lú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ò ní rí àwọn òkè tó yí ìlú ká mọ́. Eruku á ti bò wọ́n bí aṣọ. Ètè á máa bó, gìgísẹ̀ á máa là, ilẹ̀kùn onípákó tó ń há nígbà òjò á wá máa tì wẹ́rẹ́. Atẹ́gùn tó ń gbé e bọ̀ kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń fẹ́ wá, ibi kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní ilẹ̀ Chad sì wà lára àwọn ibi tí eruku ti ń gbéra jù lọ ní gbogbo ayé. Láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì tàbí Kẹta ni ọyẹ́ fi ń bá wa gbé, á lọ, á tún padà.

Mo ti kà nípa àwọn Òyìnbó pé nígbà òtútù tiwọn, tí yìnyín bá bo ilẹ̀ tí òru sì gùn, wọn a máa pe ọ̀rẹ́ mélòó kan sílé láti jẹun alẹ́. Wọn a fún alẹ́ ọjọ́ náà ní kókó kan, oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ ẹnu á sì máa tẹ̀lé kókó náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ni ẹni tí kò rí yìnyín rí fẹ́ fi àṣà oníyìnyín ṣe? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo rí i pé ọyẹ́ ni ìgbà òtútù tiwa, kò sì sí ìgbà mìíràn nínú ọdún tó yẹ fún pípe ọ̀rẹ́ jọ ní Èkìtì tó o.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Òjò kò ní lé ẹnikẹ́ni wọlé lójú agbo. Iṣẹ́ oko ti dẹ̀. Àwọn ará wa tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì. Pàtàkì jù lọ, iṣu ti gbó. Iṣu tuntun tí a ń rí ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí Adó bá ń ṣe ọdún Ùdírókò, omi pọ̀ nínú rẹ̀. Ó dára fún sísè, ṣùgbọ́n iyán rẹ̀ máa ń rọ̀ jù. Iṣu ìgbà ọyẹ́ ti gbẹ lára igi tí wọ́n so ó mọ́ lóko. Bó bá dé inú odó, ó ń fà. (Ará Adó kì í pè é ní iyán rárá, uyán ni. Iṣu, usu ni. Ilé, ulé ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ẹ̀ka-èdè mọ̀ pé fáwẹ̀lì yìí kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Orúkọ Ùdírókò gan-an, ìdí ìrókò ni.)

Ohun tí mò ń pè ní àsè alẹ́ níhìn-ín kì í ṣe ìnáwó o. Ìnáwó ni à ń ta àtíbàbà sí, tí à ń pín aṣọ ẹbí, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń ké tó bẹ́ẹ̀ tí a kò gbọ́ ohun tí ẹni tó jókòó tì wá ń sọ. Àwa kì í ju mẹ́jọ lọ. Iye tí iyán odó kan á yó ni mo ń pè, kí gbogbo wa lè máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Àsè tí mo kọ́kọ́ ṣe bàjẹ́. Mo pe àwọn ènìyàn fún aago méje. Ní aago mẹ́fà àbọ̀ a ti gún iyán tán, a ti fi sínú àwo, a ti tò ó sórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó lè dùn ún wò. Ẹni tó kọ́kọ́ dé, aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí gbogbo wọn tó pé, ojú iyán mi ti gbẹ, ó ti yi bí awọ ìlù. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n kí mi kú ìnáwó, wọ́n lọ. Ẹnìkan kò bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Atẹ́gùn ọyẹ́ kò ní omi nínú, ó sì ń wá omi kiri. Bó ti ń gbẹ aṣọ lórí okùn kí a tó yíjú padà, bẹ́ẹ̀ náà ló ń fa omi ojú iyán. Sítáàṣì inú iṣu sì tún wà níbẹ̀: bó bá ti ń tutù ló ń le. Láti ọjọ́ náà, a kì í da iṣu sínú odó nílé mi títí àlejò á fi jókòó. Iṣu á wà lórí iná, odó á wà lágbàlá, àwọn àlejò fúnra wọn ni yóò gún un, ọmọ odó méjì nínú odó kan. Èyí tí a kò bá tíì jẹ, inú ewé eéran la ń pọ́n ọn sí, a ó sì gbé e sínú kúlà. Ẹni tó bá pẹ́ dé á máa gbọ́ dídún odó láti ẹnu ọ̀nà, kò sì ní nílò ẹni tí yóò bá a wí. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ìgúnyán wà, mo sì mọ̀ pé pòǹdó wà lọ́jà. Èmi kò bá ẹni tó ń lò wọ́n jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lo ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àlejò, àlejò tí kò bá sì ríṣẹ́ ṣe, fóònù ni yóò máa wò.

Nǹkan méjì ni onílé gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́ ni iná. Bí a bá dáná lágbàlá kí ara lè móoru, kí a gbá gbogbo ewé gbígbẹ kúrò, kí garawa omi wà nítòsí, kí a má sì sùn títí ẹ̀yinná á fi kú. Èkejì ni eku. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí gan-an ni ibà Lassa máa ń pọ̀ jù, Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó múlé tì wá sì wà lára ibi tó ti ń jà jù lọ. Irú eku kan tó máa ń wọlé ló ń fi ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ kó o ran ènìyàn. Nítorí náà, gbogbo oúnjẹ ni à ń dé, gààrí ni a kò gbọdọ̀ sá sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹran eku kankan kò sì gbọdọ̀ dé orí tábìlì àlejò, bó ti wù kí ó ta sánsán tó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kókó. Àwa ti ṣe alẹ́ ìrẹsì Ìgbẹ̀mọ, ìrẹsì tí wọ́n ń gbìn nítòsí wa níhìn-ín. A ti ṣe alẹ́ àlọ́, níbi tí ẹni tí kò bá lè pàlọ́ ti fọ àwo. Ṣùgbọ́n èyí tí a kò lè gbàgbé ni alẹ́ tí a pè ní “Ṣáájú Ọkọ̀ Òyìnbó”. Òfin rẹ̀ ni pé kìkì ohun tó wà nílẹ̀ Yorùbá kí ọkọ̀ òkun tó bẹ̀rẹ̀ sí í na Amẹ́ríkà lẹ́yìn 1492 ni kí a sè.

Ó rọrùn létí. Nígbà tí ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í to ohun èlò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju síbí sílẹ̀. Tòmátì kò sí, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Àgbàdo kò sí, nítorí náà ẹ̀kọ kò sí. Ẹ̀gẹ́ kò sí, a jẹ́ pé gààrí àti fùfú ti lọ. Ẹ̀pà kò sí, ànàmọ́ kò sí, ìbẹ́pẹ kò sí. Èyí tó pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́ ni ata. Rodo, ṣọ̀ńbọ̀, tàtàsé, ìran kan náà ni gbogbo wọn, ọ̀nà òkun ni wọ́n gbà dé.

Kí ló wá kù? Ohun tó kù pọ̀. Iṣu wà: ìwádìí kan tó jáde ní 2019 fi hàn pé láti ara iṣu igbó kan ni àwọn baba ńlá wa ti sọ iṣu funfun di ti oko, ní agbègbè odò Ọya, láàárín ìlà-oòrùn Gánà àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ẹ̀wà, ilá, ẹ̀gúsí, epo pupa, irú, ewúro, gbogbo wọn jẹ́ ti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ìṣápá náà wà, oṣù ọyẹ́ sì ni à ń ká a. Ọbẹ̀ ìṣápá ẹlẹ́gùúsí ni a sè, a fi irú sí i gidigidi, a sì fi iyèré rọ́pò ata. Iyèré ń ta, ṣùgbọ́n títa rẹ̀ kò dà bí ti ata. Kì í bá ènìyàn lórí ahọ́n, ìsàlẹ̀ ọ̀fun ló ń dúró sí.

Ìyá àgbà kan wà láàárín wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó jẹ ọbẹ̀ náà tán, ó nu ọwọ́, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọbẹ̀ yín dùn, ṣùgbọ́n irọ́ lẹ ń pa. Ata ti wà láti ìwáṣẹ̀. Àgbàdo ńkọ́? Ṣé Òyìnbó ló kó àgbàdo sínú Ifá ni?” Ilé dàrú. Lóòótọ́ ni àgbàdo pọ̀ nínú ẹsẹ Ifá. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ìyá, ẹ má bínú. Ohun alohùn kì í ti ilẹ̀kùn. Bí nǹkan tuntun bá ti dé ilé, kì í pẹ́ dé ẹnu akéwì, bó bá sì ti pẹ́ níbẹ̀, a ó máa rò pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.” Ìyá kò gbà. Títí di òní kò tíì gbà, bí a bá sì pàdé lọ́jà Ọba, á bi mí bóyá mo ti rí Òyìnbó tó kó ata wá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ta ni ìbá ti jíròrò bí ẹsẹ Ifá ti ń gba ọ̀rọ̀ tuntun bó bá jẹ́ pé ìrẹsì àti adìyẹ díndín la gbé síwájú wọn?

Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ìwúlò kókó kò ju ìyẹn lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló kọ́ mi pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí àáró ni a ti ṣètò àsè wa: lónìí nílé mi, ọ̀sẹ̀ méjì sí i nílé ẹlòmíràn. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, tí jálá epo kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 dé òkè ₦480 lọ́wọ́ kan, gbogbo nǹkan gbówó lórí. Nígbà tí ọyẹ́ ọdún náà dé, olùkọ́ ilé-ìwé girama kan nínú wa, tó ń gbé ọ̀nà Ìyìn, kò wá mọ́. Ó ní iṣẹ́ pọ̀. Ìgbà kejì, ó ní ara ọmọ kò yá. Nígbà tí mo wo ìwé àáró, mo rí i pé òun ló kàn.

Mo lọ bá a nílé. A sọ̀rọ̀ oko, a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo fẹ́ dìde ló tó sọ ọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ilé yín la ti jẹ ẹran ìgalà. Ilé ẹni tó tẹ̀lé yín, ẹja tútù. Kí ni n ó gbé síwájú yín?” Ojú tì mí, nítorí ẹran ìgalà náà kò sí nínú kókó ọjọ́ náà, fáàrí ni mo fi ṣe.

Láti ọjọ́ náà la ti yí òfin padà. Onílé ló ń yan kókó, ohunkóhun tí kò bá sì sí nínú kókó kò gbọdọ̀ wọlé, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ilé àti iná ni ti onílé. Àwa yòókù ni yóò pín ohun èlò láàárín ara wa, ẹnìkan iṣu, ẹnìkan epo, ẹnìkan igi ìdáná.

Kókó tí olùkọ́ náà yàn ni ẹ̀wà. Ẹ̀wà nìkan. Ìyá rẹ̀ ló jókòó ti agbada lágbàlá tó ń din àkàrà, ó sì ń sọ bí wọ́n ti ń lọ ẹ̀wà lórí ọlọ nígbà ọmọdé rẹ̀, ẹni tó bá ti ń jẹ́ kí omi pọ̀ jù nínú ẹ̀wà, wọn kì í fún un lọ́kọ kíákíá. Mọ́ínmọ́ín eléwé wà, gbẹ̀gìrì wà. Ọyẹ́ mú tó bẹ́ẹ̀ tí a fi yí agbada ká bí ọmọdé, àkàrà kò sì dé inú àwo rárá. Láti inú epo gbígbóná ló ti ń bọ́ sí ọwọ́ wa. Ẹnìkan bèèrè ibi tí ẹ̀wà ti wá, nítorí ó ti di àṣà láàárín wa láti bèèrè. Olùkọ́ náà ti múra sílẹ̀: ó ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níhìn-ín ni wọ́n ti rí àwọn ẹ̀wà àtijọ́ jù lọ, nínú ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ní Gánà, ó sì kọjú sí Ìyá àgbà, ó ní, “Ìyá, èyí kò wọ ọkọ̀ Òyìnbó wá o.”

Ìyá ní kí ó gbé àkàrà méjì sí i wá fún òun.

Aago mọ́kànlá kọjá kí a tó tú ká. Ó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé àtùpà dání, ó sì ń ka orúkọ lórí ìwé àáró láti mọ ẹni tó kàn.