Bí Kọ̀ǹpútà Bá Kọ̀ Láti Mú Ìwé Àkọsílẹ̀ Jáde, Ògbufọ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Kò sí ohun tí í já akọ̀wé ẹgbẹ́ láyà tó pé kí ọjọ́ ìpàdé kò, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti jókòó, kí olúkúlùkù máa retí láti gbọ́ iye owó tí òun ní lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kí kọ̀ǹpútà sì wí pé òun kò rí ìwé àkọsílẹ̀ náà mọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni ariwo yóò ta. Ẹnì kan yóò ní owó ti sọnù, ẹlòmíràn yóò ní akọ̀wé ni ó mọ ibi tí ó gbé e gbà. Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí kọ́bọ̀ kan tí ó sọnù, kò sì sí orúkọ ẹnì kan tí ó parẹ́. Ògbufọ̀ ni kò sí ní ìjókòó.

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ là yé ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

Ta Ni Ògbufọ̀ Náà?

Ohun méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbà tí a bá ń ka àkọsílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Èkínní ni àká tí a kó orúkọ, owó àti ọjọ́ pamọ́ sí. Àká yìí lè wà nínú kọ̀ǹpútà tí ó wà níwájú wa, ó sì lè wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá kan ní olú ilé-iṣẹ́ tí ó jìnnà. Èkejì ni tábìlì tí akọ̀wé fi ń ka àkọsílẹ̀ náà tí ó sì fi ń ṣírò rẹ̀, bí Excel tàbí Access. Èdè tí àká ń sọ kò yé tábìlì. Nítorí náà ni a ṣe fi ètò kékeré kan sí àárín wọn, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní driver. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé awakọ̀ ni. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ilé-ẹjọ́ ni ó ń ṣe: ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀kan, ó sì ń sọ ọ́ ní èdè tí yóò yé èkejì.

Ní ọdún 1992 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé ìlànà kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ODBC, kí gbogbo irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà. Ìlànà náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ́fíìsì ń lò títí di òní.

Àmì Tí Kọ̀ǹpútà Máa Ń Fi Hàn

Nígbà tí iṣẹ́ ògbufọ̀ bá bàjẹ́, kọ̀ǹpútà kì í dákẹ́. Yóò kọ ìdí rẹ̀ sójú ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àmì kúkúrú kan. Àṣìṣe wa ni pé a máa ń tẹ OK kí a tó kà á. Ẹ kọ àmì náà sínú ìwé, nítorí pé nínú rẹ̀ ni ìwòsàn wà.

Bí ẹ bá rí IM002, ó túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà kò rí orúkọ tí a fi ń pe àká náà, tàbí pé kò rí ògbufọ̀ kankan.

Bí ẹ bá rí IM014, ògbufọ̀ wà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n òun àti ti tábìlì kò bá ara mu.

Bí ó bá jẹ́ 28000, ògbufọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà àká, ṣùgbọ́n a kò gbà á wọlé, nítorí pé orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó mú lọ kò tọ́.

Bí ó bá jẹ́ 08001, ògbufọ̀ kò tilẹ̀ dé ibi tí àká wà. Ọ̀nà ni ó dí.

Ọ̀ràn Ìwọ̀n

Ọ̀ràn ìwọ̀n ni ó ń da àwọn ènìyàn láàmú jù. Oríṣi méjì ni Office, oríṣi méjì náà sì ni ògbufọ̀: ti 32-bit àti ti 64-bit. Gbogbo ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ mọ̀ pé táyà ìwọ̀n 26 kò lè wọ rímù ìwọ̀n 28, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ jẹ́ titun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí rí. Office 2010 ni ó kọ́kọ́ jáde ní oríṣi méjèèjì. Láti orí Office 2019, oríṣi 64-bit ni ó ń wọlé bí ẹni tí ń gbé e kalẹ̀ kò bá yan èkejì. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì tí ó ti ń lo ògbufọ̀ 32-bit láti ọjọ́ pípẹ́ lè ra kọ̀ǹpútà titun lónìí, kí iṣẹ́ sì dúró lọ́la.

Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Ṣe

Èkínní, bí àká bá wà nínú kọ̀ǹpútà yín, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Èkejì, ẹ ṣí Excel, ẹ tẹ File, lẹ́yìn náà Account, lẹ́yìn náà About Excel. Ní òkè ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí 32-bit tàbí 64-bit. Ìwọ̀n Office ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹ má ṣe tẹ̀lé ti Windows, nítorí pé Windows lè jẹ́ 64-bit kí Office inú rẹ̀ jẹ́ 32-bit.

Ẹ̀kẹta, nínú Windows 10 tàbí 11, ẹ tẹ bọ́tìnnì Start, kí ẹ sì kọ ODBC. Ilé ìforúkọsílẹ̀ méjì ni yóò jáde, ọ̀kan fún 32-bit, ọ̀kan fún 64-bit. Ẹ ṣí èyí tí ó bá Office yín mu, kí ẹ wo abẹ́ Drivers bóyá orúkọ ògbufọ̀ yín wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ilé náà nínú àpò Windows gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí pé èyí tí ó wà nínú System32 ni ti 64-bit, èyí tí ó wà nínú SysWOW64 sì ni ti 32-bit.

Ẹ̀kẹrin, bí ògbufọ̀ kò bá sí níbẹ̀, ẹ gba èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá mu láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é. Microsoft ń fi Access Database Engine sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má ṣe gbà á níbi tí ẹ kò mọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ forúkọ àká sílẹ̀ lábẹ́ System DSN, kí gbogbo ẹni tí ń lo kọ̀ǹpútà náà lè rí i. Èyí tí a bá kọ sábẹ́ User DSN, ẹni tí ó kọ ọ́ nìkan ni yóò rí i. Kí orúkọ náà má sì fi lẹ́tà kan yàtọ̀ sí ti àtijọ́.

Bí àmì náà bá jẹ́ 28000 tàbí 08001, ẹ má ṣe pààrọ̀ ògbufọ̀ rárá. Ẹ yẹ ọ̀rọ̀ aṣínà wò, ẹ wò ó bóyá íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tọ́jú àká bóyá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣí. SQL Server sábà máa ń lo ẹnu ọ̀nà 1433, MySQL sì máa ń lo 3306.

Ìkìlọ̀

Bí oníṣẹ́ kan bá sọ pé dandan ni kí a nu gbogbo ohun inú kọ̀ǹpútà kúrò, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè àmì tí ó rí. Ẹni tí kò ka àmì kò mọ àrùn. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.

Ní ìparí, ó dára kí akọ̀wé kọ ohun mẹ́ta sínú ìwé ẹgbẹ́: ìwọ̀n Office, orúkọ ògbufọ̀, àti orúkọ tí a fi ń pe àká. Kí ó má ṣe kọ ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́ ọn. Nígbà tí ó bá gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ẹni náà kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀nà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò sì ní fura sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́.